Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àìsàn Ọmọdé ní Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé bá wa lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ní ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri Abẹ́òkúta, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn àǹtí tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà. A gé àwọn kan kúrú, a sì pa àwọn tó jọra pọ̀.

Mo ní jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan. Ọmọ kan bì sílẹ̀ ní yàrá oorun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ẹsẹ̀ la fi oògùn ìnulẹ̀ olóòórùn nù ún, gbogbo ilé ń ta sánsán. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọmọ márùn-ún ló ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Kí la ṣe tí kò tọ́? (Ìyá ilé-ìwé, Ọbáńtokò)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ tètè nù ún, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ ló ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn kòkòrò tó sábà máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni rotavirus àti norovirus. Ìkejì yìí máa ń lo wákàtí 12 sí 48 lára ọmọ kó tó fara hàn, ó sì bá ohun tí ẹ rí mu gan-an. Àwọn méjèèjì lágídí. Ọ̀pọ̀ oògùn ìnulẹ̀ olóòórùn, àti èyí tí a máa ń kán sínú omi ìwẹ̀ ọmọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Èyí tó ń pa wọ́n, tó sì wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ni omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun: Hypo, JIK àti irú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara ike náà. Agbára 3.5% ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, orí rẹ̀ ni a sì gbé ìṣirò yìí kà. Fún èébì, ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, ife Hypo kan ni kí ẹ fi ife omi mẹ́fà là. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì, ìbáà ṣe agolo mílíìkì. Fún ilẹ̀, tábìlì, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti póò lójoojúmọ́, ṣíbí ìjẹun méjì sí omi lítà kan. Fún ohun ìṣeré ọmọ, ṣíbí kan sí lítà kan. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì ni lítà kan, torí 50cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí tí à ń wí ni èyí tó ń gba mílílítà 15. Ṣíbí ilé ò dọ́gba, nítorí náà ẹ fi ìdérí oògùn ikọ́ tó ní àmì wọn tiyín wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mọ ohun tó ń gbà.

Bí ọmọ bá wá bì, àwọn ọmọ tó kù ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí tíṣù bo èébì náà kó fà á mu, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ. Ẹ fọ ojú ibẹ̀ mọ́ tónítóní kí Hypo tó kàn án. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á da Hypo lé ìdọ̀tí lórí, ìdọ̀tí á sì ti jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó dé ara kòkòrò. Ìgbà tí ibẹ̀ bá ti mọ́ ni kí ẹ da èyí tí ẹ là ní ọ̀kan sí mẹ́fà sí i, kó tutù rinrin, kó sì kọjá ibi tí ẹ rí èébì dé ní bíi mítà kan yíká, torí èébì máa ń ta. Kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá gbẹ kó tó pé, ẹ tún da sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi lásán nù ún, kó gbẹ, kí àwọn ọmọ tó padà wọlé. Àkísà tí ẹ lò, inú ọ̀rá yẹn náà ni kó bá lọ. Mọ́ọ̀pù ilé ìgbẹ́ ò gbọdọ̀ wọ yàrá oorun láéláé.

Aṣọ ìbùsùn tí èébì kàn, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ ká a sínú ara rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi oníṣíbí-kan-sí-lítà-kan, ẹ ṣàn án, ẹ sá a sóòrùn. Aṣọ funfun là ń sọ o. Bí ẹ bá rẹ adìrẹ sínú rẹ̀, aró á ṣí dànù. Bí Ìtòkú, ọjà adìrẹ, ṣe sún mọ́ wa tó yìí náà, aṣọ funfun ló yẹ ibùsùn jẹ́lé-ó-sinmi.

Hypo tí ẹ là lónìí, ẹ dà á nù lálẹ́. Oòrùn àti ooru ń pa á, tàná kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Omi tútù ni kí ẹ fi là á, kì í ṣe omi gbígbóná. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn fífọ ilé ìgbẹ́ tàbí ohun mìíràn tó kan, torí èéfín tó máa ń jáde lára wọn lè dí èèyàn ní èémí. Kí ẹ má sì dà á sínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ ọdún méjì ò mọ̀wé kà. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì: bó ṣe jó o nígbà tó ń lọ ni yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ fi omi yọ ẹnu rẹ̀, ẹ fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ bó bá lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé òun àti ike náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe FMC Ìdí-Abà tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, èyí tó bá yá jù.

Ìbéèrè kan kù tí àwa náà fẹ́ bi yín: ta ló bu oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bì? Bó bá jẹ́ àǹtí tó nu èébì ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé kòkòrò náà kiri ju ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn ni kó bu oúnjẹ.

Omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé ládùúgbò wa. Abọ́ omi kan la máa ń gbé sílẹ̀ kí gbogbo ọmọ fi ṣan ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, a sì máa ń kán oògùn apakòkòrò sí i. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? (Àǹtí, Kémta)

Kò tó o. Ìdọ̀tí ọwọ́ ọmọ àkọ́kọ́ ni ọmọ kẹwàá fi ń ṣan ọwọ́. Ẹ ò wọn oògùn tí ẹ kán sí i, kò sì pẹ́ lára ọwọ́ tó fi máa pa nǹkan kan. Omi tó ń ṣàn ni ọwọ́ ń fẹ́, kò sì dìgbà tí ẹ̀rọ bá yọ kí omi tó ṣàn. Búútà tí a fi ń ṣe àlùwàlá ṣe é lò dáadáa. Àǹtí kan á máa da omi, ọmọ á máa fọ̀. Bí ẹ bá lówó díẹ̀ sí i, ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e lé àga tí ọwọ́ ọmọ tó, kí ẹ fi òmíràn gba omi ìdọ̀tí. Búútà lítà méjì á tó ọmọ mẹ́rin, bí ẹ bá ń dá omi dúró nígbà tí wọ́n bá ń fi ọṣẹ ra ọwọ́.

Ọṣẹ ni kókó. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ olówó gọbọi. Ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sómi ń ṣiṣẹ́ kan náà. Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná. Kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ títí dé ogún láìkánjú. Ìṣẹ́jú-àáyá ogún náà nìyẹn, wọ́n sì tún kọ́ òǹkà sí i. Ẹ má wá fi táwẹ̀lì kan ṣoṣo nu gbogbo wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní áńkáṣíìfù tirẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ sí, tàbí kí wọ́n gbọn ọwọ́ títí yóò fi gbẹ.

Kí ọmọ fọ ọwọ́ bó bá ti dé láàárọ̀, kó tó jẹun, lẹ́yìn póò àti lẹ́yìn eré iyanrìn. Àǹtí ní tirẹ̀, lẹ́yìn ìlédìí kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn ikun imú kọ̀ọ̀kan. Sanitáísà ò lè rọ́pò èyí: kì í ràn án bí ọwọ́ bá dọ̀tí, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus. Ọtí líle ló sì wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó.

Àwọn ìyá kan máa ń fún ọmọ ní paracetamol nílé, wọ́n á wá gbé e wá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bí a bá sọ̀rọ̀, ìjà ni. Irú àìsàn wo gan-an ló yẹ kí ọmọ fi jókòó sílé? (Àǹtí, Ìbarà)

Agbára paracetamol kì í kọjá wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìdí nìyí tí ara ọmọ fi máa ń tutù láago méje àárọ̀, tí yóò sì gbóná janjan ní mọ́kànlá. Àwa ò ní dá ìyá náà lẹ́bi tán. Bó bá ń tajà ní Kútọ̀ tàbí Lápanséke, tí kò sì sí ẹni tó máa bá a gbé ọmọ, ọjọ́ kan láìṣí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọlé ni kí ẹ ti yanjú rẹ̀: kí òbí kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni méjì tó lè wá gbé ọmọ láàárín wákàtí kan, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé tó sọ àìsàn tí ẹ kì í gbà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i ò ní bá yín jà pẹ́.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà nìyí. Ẹ ra tẹ̀mómítà onínọ́ńbà, ẹ fi sí abíyá ọmọ títí yóò fi dún. Bó bá ka 37.5 sókè, ibà ni. Kí ọmọ wà nílé títí ara rẹ̀ yóò fi tutù fún odidi wákàtí 24 láìlo oògùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ilé. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì: wákàtí 48 lẹ́yìn èyí tó yà tàbí tó bì kẹ́yìn. Èéyi: ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ara ti sú. Èyí tó ń yọ ọmọ lára ní roro olómi, tí wọ́n ń pè ní chickenpox: títí gbogbo roro náà yóò fi gbẹ tí yóò pa èèpá. Àpólò: títí ojú yóò fi ṣíwọ́ omi àti ìpin. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmú tàbí ìtọ̀ sójú ọmọ nítorí Àpólò o. Àsọtúnsọ ni, a mọ̀.

Làpálàpá ò ní kí ọmọ pẹ́ nílé: bó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí ẹ sì fi aṣọ bo ojú ibẹ̀, kó máa bọ̀. Kàtá lásán tí kò ní ibà nínú, kó máa bọ̀. Ibà ẹ̀fọn kì í ràn láti ara ọmọ dé ara ọmọ, ẹ̀fọn ló ń gbé e. Bí wọ́n bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, tó ń lo oògùn, tí ara rẹ̀ sì ti tutù, kò sí ìdí láti lé e.

Ọmọ-ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ méjì nìyí tó ti ń ya ìgbẹ́ olómi. Mo ní eyín ló ń hù, ìyá rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti kó o. Ta ló jàre? (Ìyá àgbà, Ìtòkú)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jàre lẹ́ẹ̀kan yìí. Eyín lè mú kí ọmọ da itọ́ kó sì máa ráhùn, ṣùgbọ́n kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n kàn jọ ń pàdé ni: láti bí oṣù mẹ́fà ni eyín ti ń hù, ìgbà yẹn náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rá, tó ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, tí ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń tán lọ. Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé bí a bá ti ní eyín ni, a ò ní wá nǹkan ṣe, omi ara ọmọ á sì máa gbẹ lọ.

ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yà gbuuru, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀; bó bá ní lítà kan, píọ́ wọ́tà méjì ni kí ẹ da odidi ọ̀rá ORS kan sí. Ẹ má pín in sí méjì. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ á pọ̀ lára ọmọ. Bó bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó mu mílílítà 50 sí 100, ṣíbí kan tẹ̀ lé òmíràn. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. ORS tí ẹ pò tó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù. Kó máa mu ọyàn lọ, kó sì máa jẹun. Oògùn síńkì náà wà: fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí ẹ má sì dá a dúró torí pé ìgbẹ́ ti dá. Bí ORS ò bá sí nítòsí lóru, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, nínú omi mímọ́ lítà kan, á gbé e dé àárọ̀.

Ẹ má rọ oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró sí i lẹ́nu, ẹ má sì ra oògùn eyín kiri. Ní ọdún 2008, oògùn eyín kan tí kẹ́míkà olóró wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Bí àwùjẹ̀ ọmọ bá jìn wọlé, tí ojú rẹ̀ rì, tó ń ké láìsí omijé, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, ẹ má dúró de ẹnì kankan, ilé ìwòsàn ni. Ẹ fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ wò pẹ̀lú: bí kò bá padà kíá, omi ti tán lára rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọmọ mi, oṣù mọ́kànlá, ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, kàtá ò fi í sílẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò? (Ìyá ọlọ́mọ, Àsẹ̀rò)

Ẹ má tíì yọ ọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àárín àwọn ọmọ mìíràn lè ní kàtá tó ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá láàárín ọdún kan, ọ̀kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú òmíràn. Bó bá ń jẹun, tó ń ṣeré, tó sì ń tẹ̀wọ̀n sí i, ara rẹ̀ ń kọ́ ìjà ni. Amoxicillin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ran kàtá. Oyin ò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá, Róòbù ò sì yẹ imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Omi iyọ̀ ìkánmú ti ilé oògùn, ẹ̀kán kan tàbí méjì kó tó mu ọyàn, ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àǹtí bóyá wọ́n ń fẹnu fa ikun imú ọmọ. Àwọn kan ṣì ń ṣe é, láti orí ọmọ kan bọ́ sí orí òmíràn! Ẹ wo yàrá oorun pẹ̀lú: ó yẹ kí fèrèsé ṣí, kí ẹní kan sì jìnnà sí èkejì ní bíi mítà kan.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni èémí. Nígbà tí ọmọ bá dákẹ́, ẹ ṣí aṣọ àyà rẹ̀, kí ẹ ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 sókè ti yá jù; láti ọdún kan sí márùn-ún, 40 sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń rì wọlé bó ti ń mí. Òtútù àyà lè ti wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Ṣé ó tọ́ kí jẹ́lé-ó-sinmi béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára? (Bàbá ìbejì, Adátán)

Ó tọ́, Sà, èyí tí kò bá béèrè ló yẹ kó kọ yín lóminú. Ìgbà tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ náà ni ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Oṣù 15 yìí, tí í ṣe abẹ́rẹ́ èéyi ìkejì, ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Mo máa ń po ògì ọmọ sínú fúláàsì láàárọ̀. Àwọn àǹtí ní ó máa ń kan kó tó di ọ̀sán. (Ìyá ọlọ́mọ, Ìdí-Abà)

Fúláàsì tútù lẹ dà á sí. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú fúláàsì, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á nù, kí ẹ wá bu ògì sí i ní kété tó bá ń hó kúrò lórí iná. Ẹ kún un dókè, torí fúláàsì tí kò kún kì í pẹ́ tutù. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n ṣí i. Èyí tí ọmọ bá fi ṣíbí kàn tí kò tán, wọn ò gbọdọ̀ dà á padà sínú rẹ̀. Mílíìkì ló sì sábà máa ń bà á jẹ́: ẹ dì í lọ́tọ̀ nínú ike kékeré tó gbẹ, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mu ún ni kí àǹtí bù ú sí i.